Ẹ̀rọ Orin Ọ̀fẹ́ àti Owó Bọ́tìnnì

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣírò owó, nítorí ìkíni kì í bàjẹ́ tó bá pẹ́, ṣùgbọ́n owó tí a kò bá tètè kọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni í hù. O fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́ pé kí n fi tún òrùlé ṣọ́ọ̀bù ṣe, níbi tí omi ti ń kán sórí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ. Owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, ẹgbẹ̀rin. Owó tó gbà láti wò ó nígbà àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Owó tó gbà láti tún un wò nígbà kejì, iye kan náà, kò dín rárá. Owó tó gbà láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìwé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ orin tí o fi ránṣẹ́ ń sọ sí mi sílẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún. Omi inú ike kan, ọgọ́rùn-ún, ìdí rẹ̀ yóò yé ọ níwájú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méje àti igba. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹgbẹ̀rin. Òrùlé ṣì ń jò. Ṣùgbọ́n o ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀rọ orin náà, mo sì dúpẹ́ gan-an, nítorí tó bá jẹ́ pé a rà á ni, ilé ni à bá tà.

Ó ti wá tó àkókò ìkíni. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ ti dín ariwo kù? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìjókòó àti ìdìde rẹ, kí abẹ́rẹ́ ayé má gún ọ lọ́wọ́, kí òwú rẹ má já láàárín ìránṣọ. Àmín. Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún, ṣùgbọ́n kò tíì béèrè owó lọ́wọ́ mi, nítorí náà n kò bá a jà.

O mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí fi ká mi lára. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ohùn ìyá rẹ wà nínú rẹ̀ láyé yìí. Ìwọ fúnra rẹ lo gbà á sílẹ̀ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí o ń fi rédíò mi ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù. Ọdún kẹrin rèé tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o ní kásẹ́ẹ̀tì náà ti ń jẹrà, o ní kí n jẹ́ kí o gbé ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà kó má baà parun, mo sì gbà, nítorí ìwọ lo kàwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o kọ̀wé láti ìlú ńlá pé o ti gbé e, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì já sí ọ lọ́wọ́. Rédíò náà ńkọ́, o ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ní irínwó kí o tó lọ, o ní kò wúlò mọ́. Irínwó náà kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kàn ní kí n mẹ́nu bà á.

Àpótí kékeré kan wá dé, kò ju páálí ọṣẹ lọ, pẹ̀lú ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n, pátákó ìtẹ̀wé kan, àpótí ohùn méjì, àti ìwé ìlànà tí o fi ọwọ́ rẹ kọ, ojú ewé méjì. O ní ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀rọ orin náà ọ̀fẹ́ ni, kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́, lẹ́tà lásán nínú fèrèsé dúdú, o ní òun ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń lò. Ẹ kú ọgbọ́n o. Aráyé jìyà títí wọ́n fi ṣe rédíò tí a ń yí etí rẹ̀ tó sì ń sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá tún un ṣe, ó di ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí kó tó kọrin.

Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ka bọ́tìnnì ara pátákó náà, ó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún, kò sì sí ihò bọ́tìnnì kan ṣoṣo, mo ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ẹni tó ṣe é kò parí iṣẹ́. Mo tan án. Fèrèsé dúdú yọ, igi funfun kékeré kan sì ń ṣẹ́jú sí mi níbẹ̀ bí ẹni tí mo jẹ lówó. Ìwé rẹ ní kí n kọ orúkọ ẹ̀rọ orin kí n sì tẹ bọ́tìnnì Ẹ́ńtà, ṣùgbọ́n a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ẹni ká bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún un. Mo kọ́kọ́ kí i. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́. Ó fi èdè òyìnbó dá mi lóhùn pé òun kò rí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé n kò pàṣẹ, mo kàn ń kí yín ni. Ó ní òun kò rí ìyẹn náà. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń ránṣọ fún àwọn agbéraga, kò tíì sí oníbàárà tó kọ ìkíni mi lẹ́ẹ̀mejì ní ìdúró kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Nígbà tí mo wá pe orúkọ ẹ̀rọ orin náà, ó ṣí, ó sì fi àkójọ orin hàn mí, òfo. Àbúrò ìyá rẹ jókòó tì mí, o mọ̀ pé kò lè gbọ́ pé ohùn ẹ̀gbọ́n òun dé kó má wá. Ó wo òfo náà, ó wò mí, ó ní Bàbá Ìṣirò, ẹ ti ṣírò títí, ẹ ti ṣírò ẹ̀gbọ́n mi dànù. Mo ṣí ìwé ètò inú ẹ̀rọ, èyí tí o ní kí n fi sọ fún ẹ̀rọ náà ibi tí orin wà. Mo ti kọ orúkọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́tà kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí lẹ́tà ńlá ń fẹ́ kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, mo sì rò pé ìnáwó ni. Ìwé ìlànà rẹ ní dandan ni lẹ́tà ńlá. Mo tẹ méjì. Orúkọ orin mẹ́rìndínlógún yọ, ti ìyá rẹ ló wà lókè pátápátá.

Inú ìwé ètò yẹn kan náà ni mo ti rí ìlà mọ́kànlélógójì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì kan bí ọgbà onígi. O ní ẹ̀rọ kì í ka irú ìlà bẹ́ẹ̀, àlàyé lásán ni. Ta ló ń bọ́ ìlà tí ẹnikẹ́ni kì í kà? Mo pa gbogbo wọn rẹ́. Nígbà tí ọwọ́ mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú, mo tún wo yíká ṣọ́ọ̀bù fún nǹkan mìíràn tó ń jẹun lásán, mo sì rí i pé àpótí ohùn méjèèjì ní iná pupa kékeré kan tó ń tàn láti àárọ̀, wọn kò sì tíì kọ orin kankan. Mo yọ okùn iná wọn lára ògiri, mo fi òwú dì í dáadáa, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Okùn tín-ínrín tó so wọ́n mọ́ àpótí, n kò fọwọ́ kàn án, nítorí èmi kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ sórí orúkọ ìyá rẹ, mo tẹ Ẹ́ńtà. Aago kékeré ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń kà lọ, ohùn kò jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínláàádọ́ta. A jókòó tì í, èmi àti àbúrò ìyá rẹ, a ń wo bí ìyá rẹ ti ń sọ̀rọ̀ tán níwájú wa láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó parí, àbúrò ìyá rẹ gbé àpò rẹ̀, ó ní ohun tó já ní ìlú ńlá kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì nìkan.

Mo tẹ bọ́tìnnì ìgbóhùnsókè títí ó fi dé ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo pa á, mo tún un tan, ẹ̀ẹ̀meje. Kò sọ nǹkan kan. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Wáyà. Àpótí rẹ̀ nìkan ni mo gbé, n kò gbé àpótí ohùn, nítorí onímọ́tò ń ka ẹrù. Ó so ó mọ́ àpótí ohùn tirẹ̀, ó fẹ́ tẹ orúkọ ìyá rẹ, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní ìyẹn kì í ṣe ti òpópónà. Ó tẹ òmíràn. Ariwo orin náà lé adìẹ kúrò lábẹ́ tábìlì. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ó gba ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fún kò-sí-nǹkan. Mo gbé e délé, ó ya odi. Mo gbé e padà, ó kọrin. Ó yí ìlà kan padà nínú ìwé ètò, ó bi mí níbo ni àwọn ìlà àlàyé lọ, mo ní mo ti tọ́jú ilé, ó sì gba owó. Mo gbé e délé, ó tún ya odi. Mo sọ ọ́ fún àbúrò ìyá rẹ pé ẹ̀rọ yìí dà bí ọmọ tó ń fọhùn níwájú àlejò, tó ń pa ẹnu mọ́ nílé. Ó ní àwọn àlejò yẹn kì í bá a ṣírò owó ni.

Ìgbà kẹta, Dókítà Wáyà wá fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dìde, ó bi mí pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, okùn iná àpótí ohùn yìí dà? Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo fi bí mo ti dì í hàn án, torí ó wù mí kó rí i bí a ti ń tọ́jú nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, omi òrùlé ń kán sí i lórí, kò mọ̀. Ikọ́ gbé e. Ìgbà yẹn ni mo ra omi ọgọ́rùn-ún. Ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, mo rò pé èmi ló yẹ kó san owó eré fún. Ẹ̀bi tìrẹ ni. Nínú ojú ewé méjèèjì tí o kọ, kò sí ibi tí o ti sọ pé dandan ni kí àpótí ohùn máa jẹun kó tó lè sọ̀rọ̀.

Ó lọ. Èmi àti àbúrò ìyá rẹ ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ Ẹ́ńtà.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi la kọ́kọ́ gbọ́, ti àtijọ́, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ ń kọrin kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí, bó ti máa ń ṣe tó bá ń ṣẹ́ etí aṣọ. Àbúrò rẹ̀ fi ìborùn bo ojú. Ìyá rẹ wá dákẹ́, ó ní kí o gbé ọwọ́ kúrò lára rédíò bàbá rẹ kó tó kọ ọ́ sí ọ lọ́rùn. O ní ò ń gba ohùn sílẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí rédíò náà gbà á sílẹ̀ kó ṣe kedere, pé Bàbá Ìṣirò jẹ òun ní àádọ́jọ, bọ́tìnnì dúdú mẹ́fà fún kóòtù olùkọ́ àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan márùndínlọ́gbọ̀n, owó ara òun lòun fi rà á. Ó ní mo ní Sátidé ni n ó san án, ṣùgbọ́n n kò sọ Sátidé èwo. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tí èmi náà rẹ́rìn-ín láti ọ̀nà jíjìn. Ó parí síbẹ̀.

Àbúrò ìyá rẹ ṣí ojú, ó wò mí. Mo gun àga, mo sọ ìwé ìṣirò ọdún yẹn kalẹ̀. Kóòtù olùkọ́ àgbà wà níbẹ̀. Aṣọ, mo kọ ọ́. Òwú, mo kọ ọ́. Owó bọ́tìnnì tí mo gbà lọ́wọ́ olùkọ́ àgbà, mo kọ ọ́. Ti ìyá rẹ kò sí. Mo yẹ ewé ogójì wò síwájú àti sẹ́yìn, kò sí. Èmi, tí mo kọ omi inú ike sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní òun ni ẹbí tó kù, kí n san án fún òun. Mo ní kó mú ìwé àṣẹ wá.

Èyí tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni onípáànù béèrè fún òrùlé, ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹgbẹ̀rin ló wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti igba. Fi irínwó rédíò kún un, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti ẹgbẹ̀ta. Fi ránṣẹ́ kí òjò tó tún dé, nítorí ibi tí ẹ̀rọ náà wà báyìí kò jìnnà sí ibi tó ń jò. Ó ti wá tó ọ̀sẹ̀ kan tí n kò yọ okùn iná pupa yẹn. Ó ń jẹun lóòótọ́, mo jẹ́ kó máa jẹ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọ tí yóò máa fi nǹkan rẹ ṣeré níṣojú rẹ. Kí ohun tí o tọ́jú má parun mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.

Má yọ àádọ́jọ kúrò nínú owó tí o máa fi ránṣẹ́, má sì fi kún un. Gbèsè yẹn kì í ṣe tìrẹ. Mo ti wá kọ ọ́ síbi tó ti yẹ kó wà láti ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, lábẹ́ òwú: Ìyá ilé, bọ́tìnnì dúdú mẹ́fà, àádọ́jọ, n kò tíì san.