Ọjọ́ Tí Òjò Ká Alábẹ̀wò Mọ́ Kíláàsì Mi

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín o. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀sán ni tàbí alẹ́ ní ibi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ fi ìkíni mi sí àsìkò tó bá wù yín. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, tí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi, ẹjọ́ ni mo máa ń rò. Lónìí ara mi fúyẹ́. Mo ní kí n tètè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín kí ẹ má baà rò pé ìgbà ìṣòro nìkan ni mo máa ń rántí yín.

Ẹ máa rántí bí ohùn mi ṣe rí kí ẹ tó lọ. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí ohùn ti há. Ẹ̀yin á wò mí láti ẹ̀gbẹ́ alùpùpù tí ẹ ń tún ṣe, ẹ óò ní ọmọ yín ti di odi, àfi kí ẹ yáa kọ́ èdè odi. Lẹ́yìn náà ẹ óò ní kí n lọ mu omi gbígbóná tí a po oyin mọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹkún ló wà lábẹ́ ẹ̀rín náà. Mo ti ń rò ó pé kí n fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún yín? Ẹ̀yin tí oníbàárà kò lè fún táyà ní afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ yín kó má gbọ́ pé ọmọ yín obìnrin ń kọ́ni, pé mẹ́tírẹ́ẹ̀sì ni!

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ó ṣe rí gan-an, nítorí mi ò sọ ọ́ yé yín rí. Olùkọ́ kò tó ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ni wọ́n bá pa kíláàsì méjì pọ̀ fún mi nínú yàrá kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ CE1, ọdún kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wà lápá ọ̀tún, àwọn ọmọ CE2 tó fi ọdún kan jù wọ́n lọ wà lápá òsì, apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pátákó tirẹ̀ níwájú. Èmi ni mo wà láàárín. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí báàkì tí mo gbà ní ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo gbé lọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fi ẹnu ọ̀nà hàn mí. Ó tán.

Tí mo bá bi CE1 ní ìṣirò, CE2 ni yóò dáhùn. Tí mo bá ní kí CE2 kàwé sókè, CE1 á bá wọn ké e. Tí mo bá kọjú sí ọ̀tún, apá òsì á di ọjà Ìgòlò lẹ́nu ibodè, ẹ óò rò pé àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kí ni mo wá ń ṣe? Mo ń pariwo. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ẹ fi ti ètò ẹ̀kọ́ tí mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ fún kíláàsì méjèèjì lójoojúmọ́ kún un, ẹ fi ti àwọn òbí tó ń dúró dè mí lẹ́nu géètì láti béèrè ìdí tí ọmọ àwọn kò fi tíì lè kàwé kún un. Wọn kò jẹ̀bi. Èmi náà ń béèrè.

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọmọṣẹ́ tuntun wo ló fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì oníbàárà lọ́dọ̀ yín rí? Á fọ púlọ́ọ̀gì, á na súpánà sí yín, á dúró lẹ́yìn yín, á máa wo ọwọ́ yín. Nígbà tó bá pẹ́ ni ẹ óò jẹ́ kó tú kábúrétọ̀ alùpùpù yín tó ti gbó, ẹ óò sì dúró tì í, ẹ ò ní sọ nǹkan kan àfi tó bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ọjọ́ tó bá gba ìdásílẹ̀, tí wọ́n da pọ́dà lé e lórí títí ojú rẹ̀ fi funfun, tó kúnlẹ̀ gba súpánà tirẹ̀ lọ́wọ́ yín, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́. Ṣé ọmọ ènìyàn wá rọrùn ju alùpùpù lọ ni? Ta ni èmi wo ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kó ọmọ ọlọ́mọ fún mi?

Ẹ rántí ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní Ko-Koumolou, ẹni tó máa ń bá yín ṣe àwàdà lórí fìlà yín. Ó ti fi í sílẹ̀. Ìgòlò ló wà báyìí, ó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá ibi tí àwọn sẹ́mì, àwọn alùpùpù akérò, ti ń já èrò sílẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọdé. Wọn kò kàn fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Nígbà tí mo rí i níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sanra díẹ̀, mo jowú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, ojú mi ṣì wú. Ọ̀gá wa, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Dírẹ́tọ̀, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Bon, mẹ́tírẹ́ẹ̀sì, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, mais alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ kí àsìkò òjò tó parí. Bó bá bá kíláàsì yín báyìí, donc, mi ò ní lè gbà yín sílẹ̀.” Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé àdéhùn iṣẹ́ wa ṣe, Bàbá. Ohun tó ń sọ ni pé wọn kò ní tún tèmi ṣe. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Ṣebí mo ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà mi já. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó yàtọ̀ kí ènìyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ sí kí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lọ jókòó lẹ́yìn ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá kan wà ní Tchaada, Màdáàmù Rísíkátù, ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀. Dírẹ́tọ̀ ronú, ó họ orí, ó ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, òun fúnra òun ni yóò sì di kíláàsì mi mú. Nígbà tí mo padà dé, ohùn rẹ̀ ti lọ pátápátá. Kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi, mo rẹ́rìn-ín.

Màdáàmù Rísíkátù yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohùn ìyá náà rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Kì í la ẹnu sí CE1 láìjẹ́ pé ó ti fún CE2 ní iṣẹ́ tí kò nílò ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe tán á fi hàn ẹni tí kò tíì yé. Igun yàrá ló máa ń dúró sí kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kọ sí ẹnikẹ́ni. Tó bá gbé ọwọ́ sókè, àwọn ọmọ á kọ èsì sí ojú pátákó kékeré ọwọ́ wọn tí à ń pè ní àdúwáàsì, wọ́n á gbé e sókè, á sì rí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ó ní kí èmi wá kọ́ wọn, òun á jókòó lẹ́yìn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó rọra sọ láti ẹ̀yìn pé, “Doucement, rọra, ọmọ mi. Etí tó bá ń gbọ́ ariwo lójoojúmọ́ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń di.”

A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí àwọn ọmọ lọ jẹun, ó sọ gbogbo ohun tó rí fún mi, èyí tó dáa àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Mo sunkún níbẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú, Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò mí láti ràn mí lọ́wọ́, tí kì í ṣe láti fún mi ní máàkì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni mo fi rí i gbà?

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì mi tí mo ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ rò pé àìsàn ló ń ṣe mí. Ọmọbìnrin kan mú orógbó wá láti ilé, ó ní kí n jẹ ẹ́ kí ohùn mi lè là. Mo jẹ ẹ́ níṣojú gbogbo wọn, ó korò, ojú mi rún, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Kò rọrùn ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ìgbà kan wà tí ariwo àtijọ́ dé ọ̀fun mi, tí mo gbé e mì.

Alábẹ̀wò dé lójijì ní òwúrọ̀ kan, ẹrẹ̀ bo bàtà rẹ̀ dídán. Wọ́n gbé àga kan sí ẹ̀yìn fún un. CE1 ń kàwé lọ́wọ́, mo ti fún àwọn ọmọ CE2 ní okùn kí wọ́n fi wọn gígùn bẹ́ǹṣì. Mi ò tíì dé àárín iṣẹ́ náà ni òjò bẹ́ sílẹ̀. Ẹ mọ bí òjò ìlú wa Ìfọ̀nyìn ṣe máa ń ṣe lórí páánù. Mi ò gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Ní àwọn kíláàsì tó kù, gbogbo wọn ti dákẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ la ti máa ń ṣe látayébáyé: bí òjò bá dé, ẹ̀kọ́ tán nìyẹn. Mo sọ nínú ara mi pé ó parí, mo máa bá ọ̀rẹ́ mi ní Ìgòlò.

Ọwọ́ mi ló gbéra sókè. Bàbá, mi ò rántí pé mo pinnu rẹ̀. Àwọn ọmọ CE1 mú àdúwáàsì wọn. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó, mo pa lẹ́tà kan rẹ́, mo tọ́ka sí wọn. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n gbé e sókè. Mo yíjú sí òsì: CE2 ń wọn bẹ́ǹṣì wọn lọ, ẹni tó ṣe tán ń fi ìka ṣàlàyé fún ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀ àfi ti òjò, iṣẹ́ sì ń lọ. Páánù wa tó ń jò bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sórí àga alábẹ̀wò. Ó dìde, ó wòtún wòsì, ọmọ CE1 kan sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Òjò ló kúkú ń kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ọmọ náà wá na àdúwáàsì rẹ̀ sí i, bí ó ti máa ń nà án sí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọmọ náà, ó bá a tún lẹ́tà kan kọ!

Nígbà tí òjò dá, ó béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ mi. Mo ní Tchaada. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ kankan ní Tchaada. Mo wá sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, ti ìyá náà, ti abẹ́ máńgòrò, mo sì gbójú mi sọ pé gbogbo olùkọ́ tuntun ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó lẹ́yìn ẹnì kan, kó má jẹ́ pé ẹni tó ní Dírẹ́tọ̀ aláàánú nìkan. Ó ní, “Voilà, bẹ́ẹ̀ ni,” ó sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kó tó lọ, ó sọ fún Dírẹ́tọ̀ níṣojú mi pé wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n lọ.

Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ lọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo délé, mo jẹ gààrí, mo sì sùn ní ọ̀sán gangan bí aláboyún. Mo fẹ́ pè yín. Ṣé ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan ti tò. Kíláàsì méjì ṣì ni mo ń kọ́, páánù ṣì ń jò, àwọn òbí ṣì ń dúró dè mí ní géètì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkíni pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò lọ mọ́.

Lánàá ni olùkọ́ tuntun kan dé sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó kéré sí mi, aṣọ rẹ̀ tuntun, ó fi ọ̀rá wé ìwé ẹ̀rí báàkì rẹ̀ kí ó má baà rún. Ẹ̀rù ń bà á. Dírẹ́tọ̀ kò fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó gbé àga fún un, ó gbé e wá sí ẹ̀yìn kíláàsì mi, ó ní kó jókòó, kó máa wo ọwọ́ mi títí di ìgbà tí èmi bá sọ pé ó tó.

Bàbá, mo ti ní ọmọṣẹ́.

Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn. Mo ṣì fẹ́ràn yín.

Èmi ni,
Mẹ́tírẹ́ẹ̀sì yín.