Òdòdó Jíjẹrà Tí À Ń Dà Sórí Jabez

Ilé Olive Thirkettle,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Oxmarsh, Norfolk,
England.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, 1994.

Avis, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìyàwó tí àbíkẹ́yìn rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé? Orúnkún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Mo mọ̀ pé yìnyín Kánádà ti bẹ̀rẹ̀. Kú ìfaradà o. Èmi náà ṣì wà, mò ń fọ̀pá rìn, àmọ́ ojú mi ń ríran ju tàwọn ọmọdé lọ. Hilary, ọmọ Muriel, ló ń bá mi kọ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé oko ni mo wà nígbà tẹ́yin ń lọ síléèwé. Tó o bá rí ibi tí tádàwà ti ràn, òun ló ń sunkún, kì í ṣe èmi.

Ó ti pè ọ́ lórí fóònù pé ẹ̀gbọ́n rẹ Muriel ti lọ. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

O rántí ọmọkùnrin tí Muriel kọ́kọ́ bí, lọ́dún tí yìnyín dí gbogbo ọ̀nà, èyí tí kò ké. Agbẹ̀bí fi aṣọ bò ó, ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó ní kí Muriel má bèèrè. Kò bèèrè. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń bi agbẹ̀bí ní nǹkan? Àmọ́ látìgbà tí dókítà ti sọ fún un pé àìsàn inú yẹn ò ní lọ mọ́, nǹkan kan ṣoṣo ló ń sọ: òun ò fẹ́ kú láìmọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ òun sí. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ti Muriel kú, ó tún wá nù.

O mọ̀ pé ó pẹ́ tí Hilary ti ń tọpa ìdílé wa kiri abúlé: ta ló bí bàbá bàbá wa, oko ta ni wọ́n ro, ilé wọn wo ló ti wó. Ó wá gbé gbogbo ìyẹn tì, ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò rí rí. Ó tú ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì títí. Àlùfáà tuntun yìí, ọmọ dáadáa ni, ó ń po tíì fún un, àmọ́ kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo sọ fún un pé ọmọ tí wọn ò ṣe ìsàmì fún, orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ kọ? Wọn kì í ṣàdúrà fún irú wọn, wọn kì í gbẹ́ ilẹ̀ fún wọn. Mo ní ká lọ bá Mabel Mobbs. Ọkọ rẹ̀ ló ń kan pósí fún gbogbo wa, òun ló sì ń tẹ́ aṣọ sínú ẹ̀.

Bí Mabel ṣe rí mi ló ní, "Olive, ṣé o wá wọn ara ẹ fún pósí ni? Ọkọ mi ti kú, o ti pẹ́ jù." A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Hilary bèèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rín tán. Ó ní bí àwọn ṣe máa ń ṣe é ni pé tí ọmọ tí kò ní ìsàmì bá kú, agbẹ̀bí á gbé e wá fún káfíńtà, káfíńtà á dúró de àgbàlagbà tó bá kàn láti kú, á rọra tẹ́ ọmọ náà síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú pósí, kó lè wọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì jẹ nínú àdúrà ẹlòmíì. Wọn kì í sọ fún àwọn ẹbí. Àlùfáà pàápàá ò ní mọ̀.

Ó ní, "Àpò ìrọ̀rí mi ni mo fi wé e. Mo dé fìlà fún un."

Hilary bi í pé ẹsẹ̀ ta ni. Mabel wò mí, ó gbójú kúrò. Ó ní, "Jabez Crowle."

Avis, orí itan màmá lo wà lọ́jọ́ tí Jabez, alákòóso oko, ní kí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì wa sínú òjò. Ẹ̀rọ ìpakà ti ba ẹ̀yìn bàbá wa jẹ́, wọn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ilé tí à ń gbé sì rèé, àwọn òṣìṣẹ́ oko nìkan ló wà fún. Bàbá ò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. O lè má rántí ìyẹn. Àmọ́ o rántí ohun tí àwa mẹ́ta máa ń ṣe ní gbogbo Àjíǹde: tí a bá ti fọ sàréè màmá tán, òdòdó tó ti jẹrà àti omi rẹ̀ tó ń rùn, orí sàréè Jabez là ń dà á sí. Muriel ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn tó o lọ sí Kánádà, kò pa ọdún kan jẹ. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ tí wọ́n sin Jabez, Muriel ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìkúnlẹ̀, ọyàn rẹ̀ wú, kò rí ẹni mu ún. Ó gbọ́ agogo òkú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n lù ú dáadáa.

Hilary ní ká purọ́ fún Muriel, ká ní abẹ́ igi ńlá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo rò ó. Àmọ́ wọ́n ti gbé ọmọ yẹn pa mọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, mi ò lè gbé e pa mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó tì í, mo sọ ọ́. Kò sunkún. Àjà ló ń wò. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi rírùn yẹn. Orí ọmọ mi ni mo ń dà á sí."

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mi ò pa òwe yẹn fún un o, inú mi ló wà. Mo kàn sọ pé kò mọ̀ ni.

Ó ní, "Ṣé ọmọ náà mọ̀ pé mi ò mọ̀?"

Ó ní ká gbé òun lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí òun fọwọ́ ara òun fọ òkúta yẹn. Ọjọ́ Ẹtì ló kú.

Mo gbé báàkẹ́tì àti búrọ́ọ̀ṣì, mo lọ sídìí sàréè Jabez. Orí ìkúnlẹ̀ ni Thelma, ọmọ ọmọ Jabez, ti bá mi. Ó ní, "Màmá Olive, ṣé ìdọ̀tí yín ti tètè dé lọ́dún yìí ni? Àjíǹde ṣì jìnnà o." Àṣé wọ́n ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní, "Bàbá àgbà yẹn? Àwa ọmọ ọmọ wọn gan-an, a ò gbọdọ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì wọn."

Mo tọrọ iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ níbi ẹsẹ̀ sàréè náà. Thelma ló fọwọ́ ara rẹ̀ wà á. Ó ní, "Ẹ bù ú kó tó yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da nǹkan síbẹ̀ mọ́."

Mo dì í sínú àpò ìrọ̀rí. Mabel ní kí n fi síbi ẹsẹ̀ Muriel nínú pósí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Mo ní rárá. Àyà rẹ̀ ni mo gbé e lé, mo fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò ó.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Hilary ń kí ọ, Thelma náà ń kí ọ. Tó o bá wálé ní Àjíǹde, òdòdó méjì ni kó o rà, ọ̀kan fún tiwa, ọ̀kan fún orí Jabez, kí méjèèjì jẹ́ tútù.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ kan ṣoṣo tó kù,
Olive.