Àpáta Tó Kúrò Lójú Òwú

Yàrá òkè, Ilé Ìkẹ́rù Àtijọ́,
Òdìkejì odò.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹlẹ́nu-Oyin, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ọmọ wa tó ń yọ eyín, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi tún kọ̀wé kí o tó dáhùn èyí tí mo kọ kẹ́yìn. Jọ̀ọ́, má ti èyí bọ abẹ́ ìrọ̀rí bí o ṣe máa ń ṣe.

Ṣé o rántí àwòrán ńlá tí ilé-ìwòsàn tuntun ní kí n yà sí gbọ̀ngàn wọn? Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti wà lórí àkàbà. Kánfáàsì náà ga ju àjà ilé yín lọ, ó sì gba ògiri kan tán. Òkè tó wà lórí ilé Màmá ni mo ń yà, pẹ̀lú omi tó ń já wálẹ̀ lára rẹ̀, ìkúùkuu dúdú tó máa ń bò ó, àti àpáta gìrìwò tó yọrí síta lókè àwọn ilé. O mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo na òwú sójú fèrèsé ní òró àti ìbú, mo sì fa irú ojú kéékèèké kan náà sára kánfáàsì. Ohun tó bá wà lójú òwú kan, ojú yẹn náà ni mo máa yà á sí. Mo tiẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ibi tí ẹsẹ̀ mi ń dúró sí, kí n má baà ṣì í.

Àfi àpáta yẹn! Nígbà tí mo kọ́kọ́ yà á, ó jókòó déédéé sójú tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan mo wò ó lójú fèrèsé, ó ti yẹ̀ sísàlẹ̀. Mo bú ara mi, mo ha ọ̀dà kúrò, mo tún un yà. Ó tún yẹ̀. Káfíńtà tó kan férémù fún mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ogbó ti dé, kí n lọ ra awò ojú. Mo sì rà á o! Mo gbé awò sójú, mo yà á lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára òwú ní ìbú èékánná kan. Òpó iná wà lójú tirẹ̀, góńgó òkè wà lójú tirẹ̀. Àpáta nìkan ló ń rìn. Yéè! Ìbú èékánná lójú fèrèsé mi, lórí òkè lọ́hùn-ún, ó ga ju èèyàn lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń bú ara mi, mi ò jẹ̀bi.

Káfíńtà gun òkè lọ wò ó, kò sì padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní ilẹ̀ ti là lẹ́yìn àpáta náà, òun ju òkúta sínú rẹ̀, òun ò gbọ́ ìró rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nílé wọn lábẹ́ òkè. Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀. Akọ̀wé ní àwọn á wá wò ó tí òjò bá dáwọ́ dúró. Òjò gan-an ni mo ń bẹ̀rù! Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú sì ni iṣẹ́ tèmi, àmọ́ ta ló ń gbọ́?

Mo lọ bẹ Màmá kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní àpáta yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wa, pé èmi náà ni mo máa ń sá fún ààrá láti kékeré. Mo mú wọn wá síbí kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Wọ́n wo àwòrán náà, wọ́n ṣe háà, wọ́n yìn mí. Ni wọ́n bá ń fi ọ̀pá tọ́ka: ilé télọ̀ rèé, ilé olùkọ́ rèé, ewúrẹ́ télọ̀ pàápàá rèé. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ilé tèmi dà?”

Mo ti ya gbogbo ilé abẹ́ òkè tán, àyè tiwọn nìkan ló ṣì funfun. Tí mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, màá tún gbé e kúrò. Wọ́n wo àyè funfun yẹn, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kí n sin àwọn lọ sílé, pé àwọn sá aṣọ sórí okùn.

Ìwọ nìkan lo lè mú wọn kúrò nílé yẹn. Tí èmi bá sọ̀rọ̀, ariwo ni. Tí ìwọ bá sọ ọ́, ó di ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ irọ́ lo máa pa, pa á. Sọ pé ọmọ ń sunkún ìyá àgbà, Ọlọ́run á dárí jì wá. Sáà tètè wá.

Bá mi kí ìyàwó wa, kí o sì gbé ọmọ wa mọ́ra fún mi. Òjò ti ń ṣú bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì rí orí òkè mọ́. Ìparí oṣù ni ilé-ìwòsàn fẹ́ gba àwòrán wọn, kò sì sí bí mi ò ṣe ní ya ilé yẹn. Wá mú Màmá kúrò níbẹ̀, kí n lè yà á ní ilé òfìfo.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò kúrò lójú fèrèsé,
Àǹtí Ọlọ́dà