Bàbá Oníṣúgà Inú Igi

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1941 ni a bí bàbá wa, sínú ìdílé àwọn tó ń la pákó. Pákó ni bàbá wọn là títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá wọn ló ń tà á.

Bàbá kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní ọdún 1966, wọ́n sì rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń fi igi ṣe bébà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ṣúgà wà nínú igi líle, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ń dà á sí gọ́tà. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọra.

Ní ọdún 1969, wọ́n fẹ́ ìyá wa, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí géètì ilé-iṣẹ́ náà.

Ọdún 1978 ni Bàbá fiṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n gbé ìkòkò irin sẹ́yìn ilé. Omi lásán ni ọgbọ́n wọn. Wọ́n á gé igi líle wẹ́wẹ́, wọ́n á dé e pinpin pọ̀ mọ́ omi, iná á sì mú omi náà gbóná ju híhó lọ títí ṣúgà yóò fi jáde sínú rẹ̀. Bí iná bá kéré, ṣúgà kò ní jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, á jóná, á korò. Igi tó kù, àwọn aládùúgbò ló ń fi í dáná lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọdún 1984, ìdérí ìkòkò náà fò gbàù, ooru rẹ̀ sì bó wọn lẹ́nu. Láti ìgbà náà, ahọ́n Bàbá kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí oyin. Ìyá wa ló wá ń tọ́ ṣúgà náà wò fún wọn, Ìyá kì í sì í pọ́n ènìyàn. Wọ́n á tutọ́, wọ́n á ní, “Bàbá ọmọ mi, ó korò bí jogbo!” Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún iná dá. Nígbà tí Ìyá kú ní ọdún 2009, ṣíbí bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí wọn, nọ́ọ̀sì.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Bàbá, àmọ́ bí ìwàásù bá ti gùn, wọ́n á máa fi èékánná ha ìjókòó wò bóyá igi líle ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Bàbá kò lè dìde mọ́. Wọ́n ní kí àkọ́bí wọn se ìkòkò kan sí i. Ó sè é, ó tọ́ ọ wò lójú wọn. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó dùn?”

“Ó dùn, Bàbá.”

Wọ́n sunkún ayọ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dákẹ́, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àtọ́mọdọ́mọ kan sáyé lọ.

Bàbá, àkọ́bí yín ló ní kí a kọ èyí síbí, torí oorun ti dá lójú rẹ̀. Ṣúgà ìkẹyìn yẹn, ó korò ni. Kò fẹ́ kí ẹ bá ìbànújẹ́ lọ. Ká ní ó sọ òótọ́ ni, ẹ̀ bá kọ́ ọ bí yóò ṣe tún iná náà dá. Ẹ dárí jì í. Ẹ sùn re o.