Kí Irin Má Baà Jẹ̀bi

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
                                        Ìbàfò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Adúmáadán, àbúrò ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún Iléyá o, ẹ sì kú ooru Yọlá. Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà ń gbìyànjú. Salmah ti ń jẹun dáadáa, àmọ́ ó ṣì ń gbé bàtà bàbá rẹ̀ síta láràárọ̀. Mi ò lè ní kó má gbé e mọ́.

Nígbà tí ẹ wá fún fìdáù ẹ̀gbọ́n yín, ẹ béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹkún kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ rántí irin gbọọrọ tí ìjọba fi dábùú ẹnu òpópónà wa lókè, tó jẹ́ ọkọ̀ kékeré nìkan ló ń gba abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn típà oníyanrìn má baà ba ọ̀nà jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mùsáfírù kò lè mí dáadáa mọ́. Mo pe ilé ìwòsàn kan ní Mówè, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn sì tètè dé, ṣùgbọ́n ó ga ju irin lọ, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ irin wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ. A yọ ilẹ̀kùn kan, a gbé e lé e, a ń sáré. Kí a tó dé ìdí irin, ó ti dákẹ́. Ẹ wá gbọ́: nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, oníkọ́kọ́rọ́ dé, ó sì ń ṣí irin fún típà, àwọn awakọ̀ ń na owó sí i láti ojú fèrèsé. Àwọn tí wọ́n torí wọn ri irin nìkan ni irin ń ṣí fún.

Mo rò pé bí mo bá ṣáà ti sọ ọ́, wọ́n á gé e. Òmùgọ̀ ni mí. Ẹnì kan ló ń ṣọ́ irin náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti di mẹ́rin báyìí, wọ́n tún ti rán yunifọ́ọ̀mù fún wọn. Mo gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kiri kí àwọn onílé fọwọ́ sí i. Ìyá Delight, tó bá mi gbé igun ilẹ̀kùn yẹn o, ló ní, "Ìyá Salmah, ẹ má bínú. Ọdún méjì la fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó ri irin yìí fún wa. Tá a bá tún ní kí wọ́n yọ ọ́, ṣé wọn ò ní sọ pé orí wa ò pé ni?" Onílé kan tiẹ̀ ní irin ló sọ àdúgbò wa di àdúgbò ẹni iyì. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ní tiwa, ìka tó ṣẹ̀ ni wọ́n fi òrùka sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ sí ọ́fíìsì tó ni irin. Ìgbà kẹfà ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, tó fún mi ní àga.

"Ìyá wa, ó wu èmi gan-an kí n gé irin yẹn. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́."

"Èmi kẹ̀?"

"Tá a bá gé e báyìí, a ti gbà pé òun ló pa ọkọ yín nìyẹn. Ta ló máa jẹ́jọ́ ẹ̀?"

Ló bá yọ ìwé kan. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: pé ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló fi àìsàn ṣeré títí ó fi bọ́ sórí, pé irin kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Kí ìyàwó fọwọ́ sí i, kí ọkùnrin kan nínú ẹbí fọwọ́ sí i, irin á kúrò. Kí òkú jẹ̀bi, kí irin má baà jẹ̀bi! Mo ju ìwé náà padà sórí tábìlì rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, gìrì mú Delight, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọkọ̀ aláìsàn tún dúró sẹ́yìn irin, àwọn olùṣọ́ mẹ́rin wà níbẹ̀, a tún ń wá oníkọ́kọ́rọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ àyà, ó ń sáré láìwọ bàtà, ó ń pe Jésù, èmi náà ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ bá Olúgbádé gba ìwé rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín kì í fi ara rẹ̀ ṣeré. Ọkùnrin tó ń fi àmì sí ọjọ́ oògùn lórí kàlẹ́ńdà. Irọ́ ni mo fọwọ́ sí, ó sì korò lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ni, á ti fọwọ́ sí i ṣáájú mi.

Ìwé náà wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Àyè tiyín wà nísàlẹ̀ tèmi. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, mi ò ní bínú, ẹ ṣáà jẹ́ kí n tètè mọ̀, nítorí irin ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Salmah ní kí n kí bàbá òun kékeré. Bírò dúdú ni kí ẹ fi fọwọ́ sí i o. Wọ́n ní àwọn kì í gba búlúù.

                                        Èmi ni ìyàwó ilé yín títí láé,
                                        Kúlúsúmù.