Ogójì Ọjọ́ Kajri

Rohtash, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ẹ̀gbẹ́ àdìrò tí o ti máa ń yáná láàárọ̀. Ṣé ara le ní Muscat? Ṣé iṣẹ́ ilé kíkọ́ kò pọ̀ jù fún ọ? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni. O bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí ohùn mi ń gbọ̀n. Mi ò lè dáhùn nígbà yẹn, torí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wà nítòsí. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ̀wé.

Kajri, ẹfọ̀n tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti kékeré, bí abo ọmọ lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ètò ọjọ́ kẹtàlá ikú bàbá rẹ. Ọmọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibi ọmọ kò tẹ̀lé e. Títí di ọ̀sán, ó ṣì ń fì lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tútù. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Ramphal, ní ọmọ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọmú kí ibi tó jábọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo abúlé wa ti ń ṣe. Ó wá gbé bíríkì kan, ó so ó mọ́ ibi náà kó lè máa wọ́ ọ bọ̀ wálẹ̀.

Bàbá rẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹnu ọmọ ló ń fa ibi ìyá rẹ̀," ni ó máa ń wí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti wọ ilé yìí, n kò bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ̀rọ̀ lójúkojú rí, n kò sì ṣí ìbòjú níwájú rẹ̀. Mo bẹ ìyáálé mi, Chameli, pé kó bá mi sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà ti gbọ́ kí Chameli tó lanu. Ó rẹ́rìn-ín. "Chameli, bi ìyàwó yẹn léèrè, ọjọ́ wo ni ìbòjú di dókítà ẹran?"

Bí Kajri ṣe fẹ́ dìde ni bíríkì há sábẹ́ ibùjẹ ẹran. Ibi já sí méjì, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ìdajì sì kù sínú. Kajri wò mí, Rohtash, bí bàbá rẹ ṣe wò mí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Mo mú dòjé, mo gé okùn bíríkì dànù, mo tú ọmọ sílẹ̀ kó lọ mu ọmú. Mo wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gan-an: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́." Chameli fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ jáde.

Mo ránṣẹ́ pe Manju, obìnrin dókítà ẹran. Ó ní ká má fa ìyókù, pé fífà ló ń ya ilé ọmọ. Ó gún Kajri lábẹ́rẹ́, ó ní kí n máa ṣọ́ ohun tó ń dà lára rẹ̀. Bó bá ti rùn, kí n pe òun. Ó ní tó bá di ogójì ọjọ́, òun á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé ọmọ ti súnkì padà sáyè rẹ̀. Bí kò bá padà, Kajri kò ní lóyún mọ́, wàrà rẹ̀ á sì gbẹ.

Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ imú mọ́ ìdí ìrù ẹfọ̀n bí aláìnítìjú. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó rùn. Ara rẹ̀ gbóná, kò jẹun. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ rán oníṣòwò ẹran wá, pé kó mú un lọ kó tó kú sí mi lọ́rùn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibùso, mo ní kó gba orí mi kọjá. "Ìyá, òkú lẹ ń ṣọ́ yìí o," ló wí, ó sì lọ. Manju dé, ó fi oògùn sínú ilé ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bọ̀, kí Kajri tó fẹnu kan koríko.

Àná ló pé ogójì ọjọ́. Manju wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé èjìká, ó ti ọwọ́ bọ inú Kajri, ó di ojú. Ó fa ọwọ́ yọ. "Ìyá, ilé ọmọ rẹ̀ ti kéré. Ó ti padà sáyè rẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ru koríko tútù dé, ó wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí n lè fa ìbòjú bojú. Mo fà á. Ó kọjú sí ẹfọ̀n. "Kajri, bá mi sọ fún ìyá Rohtash pé mo ti ju bíríkì yẹn sódò."

Èmi náà kọjú sí ẹfọ̀n. "Kajri, sọ fún ẹ̀gbọ́n pé tíì ti ń hó."

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lórí àkàbà àti lórí òrùlé. Kí ọ̀nà tó gbé ọ lọ dá ọ mọ̀ nígbà tí o bá ń bọ̀. Ìwọ náà á padà sáyè rẹ láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,
Phoolvati

Mo tún rántí: má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ìbora bàbá rẹ ni mo máa ń dà bora kí n tó fún wàrà. Láìsí òórùn rẹ̀, Kajri kì í sọ wàrà kalẹ̀. N kò tíì fọ̀ ọ́.