Ẹni Tó Pa Kóòṣì

Àlàrùbá, Moshie Zongo

Kí ló tilẹ̀ ń dùn mí? Ṣebí fíìmù lásán ni.

Láti ìgbà tí Alhaji ti fẹ́ mi, tí fíìmù ọ̀daràn bá ti dé ibi ìpolówó, èmi ló máa ń bi pé ta ló pa á. Ó ní ìwé tí mò ń kà ti là mí lójú. Ti òní dá lórí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan. Wọ́n bá kóòṣì wọn lókùú, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi fọ́ ọ lórí. Mo ní ìyàwó rẹ̀ ni.

"Rárá o, ìyáálé mi." Salamatu ni, ìyàwó tuntun, láti orí ẹní. "Gbogbo wọn ló bèèrè ohun tó pa á, àfi ẹni tó ń bá wọn tọ́jú igi."

Nígbà tí fíìmù fi máa parí, òun náà ni lóòótọ́! Alhaji pàtẹ́wọ́. "Ei, Salamatu! O gbọ́n paa!"

Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Àbí ó sọ ọ́, tí mo ti gbàgbé?

Mo bá ní mo ti wò ó rí, pé mo kàn ń tàn wọ́n ni. Irọ́ gbuu.

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ramatu, o ti wo gbogbo wọn tán nìyẹn. Láti ìsinsìnyí lọ, èmi àti Salamatu la ó jọ máa wá apànìyàn. Ìwọ ṣáà má bà á jẹ́ fún wa."

Mo ní ó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?